Ínṣì Mẹ́sàn-án Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Bí ẹ bá rí ọkùnrin arúgbó kan tó dúró ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láàárọ̀, tó ń wo ṣòkòtò nílẹ̀ bí ẹni pé ṣòkòtò náà bú u, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Ó ń ro bí yóò ṣe gbà wọ̀ ọ́ ni. Ṣòkòtò wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, ọwọ́ wà lókè, àmọ́ ìbàdí tó yẹ kó so wọ́n pọ̀ ti kọ̀ jálẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, yóò fi ọ̀pá tó ní ìkọ́ lẹ́nu fa ṣòkòtò náà sókè, yóò dùbúlẹ̀ gbalaja, yóò gbé ẹsẹ̀ sófuurufú bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ìtẹ́dìí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ní, "Káàbọ̀, ọmọ tuntun." Òun náà á ní, "Ẹ ṣé o, ìyá ọmọ." Bí ọjọ́ wọn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Káfíńtà ni ọkùnrin náà, ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Má-Gé-E-Ná ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù kún, nítorí kò sí ẹni tó gbé ayùn lé pákó tí kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn: "Má gé e ná! Tún un wọ̀n!" Ó lè jẹ́ ìgbà kẹta tí ọmọ náà ti ń wọ̀n ọ́n nìyẹn. Kò kan Má-Gé-E-Ná. Kò sí ilẹ̀kùn rẹ̀ tó há, kò sí àga rẹ̀ tó ń mì, ó sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í.

Ohun kan ṣoṣo tí kò wọ̀n rí ni tábìlì tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi tábìlì náà sílẹ̀ fún un, ọ̀gá náà sì kúrú. Má-Gé-E-Ná ga bí òpó. Ó ju ogójì ọdún lọ tó fi ń tẹ̀ ba lórí tábìlì kúkúrú yẹn, tó ń fági, tó ń gbẹ́ ihò, tó tún ń ru pákó tútù wọlé lẹ́jìká. Àwọn èèyàn a máa sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ ò ṣe kúkú gbé tábìlì yìí ga?" Á ní bí ọ̀gá òun ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn. Ìbàdí ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò wí nǹkan kan nígbà náà.

Ìgbà tó wá fọhùn, kò dákẹ́ mọ́. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá báyìí. Má-Gé-E-Ná kò lè dúró pẹ́, kò lè jókòó pẹ́, bó bá sì sùn pẹ́, dídìde di iṣẹ́ àṣelàágùn. Omi tó bá bù sójú, àyà ló ń ṣàn gbà, nítorí kò lè tẹ̀ síwájú bí àwa yòókù ti ń ṣe. Bó bá fẹ́ sín, ara ògiri ló ń sá lọ, á dì í mú, á dijú, á máa retí rẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìgbájú. Ohunkóhun tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ilé náà ti di ti ilẹ̀. Ìkòkò, bàtà, ọṣẹ, garawa, gbogbo rẹ̀ ló ti kó sórí pẹpẹ tó kàn mọ́ ògiri níbi tó ga dé àyà, ilé náà wá dà bí ilé tí wọ́n ń retí àgbàrá. Àwọn èèyàn ń sọ fún un pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá, ọjọ́ orí ni." Inú a máa bí i sí ọ̀rọ̀ yẹn, inú sì ń bí èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí náà. Bí wọ́n bá ti sọ pé ọjọ́ orí ni, wọ́n ti bọ́ nínú ọ̀ràn náà nìyẹn, wọ́n á bá tiwọn lọ.

Dókítà pàápàá wo fọ́tò egungun rẹ̀, ó ní egungun ìbàdí ti gbó, kó máa mu oògùn, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kó má sì gbé ohun tó wúwo mọ́ rárá.

"Ìyàwó mi ńkọ́?" ni Má-Gé-E-Ná bi í.

Dókítà rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó pe ẹni tó kàn wọlé.

Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì ìyàwó rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Kò mú ẹnu rẹ̀, ọpẹ́ ni. Tíṣà ni Má-Gé-E-Ná ń pè é, láti ọjọ́ tó lọ tún bẹ́ǹṣì ṣe ní kíláàsì tí obìnrin náà ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Tíṣà ní kó kọ́kọ́ jókòó sórí èyí tó tún ṣe, kí òun rí i bóyá yóò gbà á. Ó jókòó, bẹ́ǹṣì gbà á, wọ́n sì fẹ́ra wọn kí ọdún tó yí po.

Bí wọ́n ṣe ń dìde láàárọ̀ rèé. Tíṣà á fi apá ọ̀tún ti ara rẹ̀ dé etí bẹ́ẹ̀dì, á na ẹsẹ̀ ọ̀tún, èyí tó ṣì lágbára, títí yóò fi kan sìmẹ́ńtì. Má-Gé-E-Ná á di ọ̀já tó so mọ́ ọn níbàdí mú. "Ọ̀kan, méjì, ó yá!" Obìnrin á fẹsẹ̀ tilẹ̀, ọkùnrin á fà, Tíṣà á bá ara rẹ̀ lórí àga onítáyà. Má-Gé-E-Ná gbà pé òun lòun ń gbé e. Ìdajì iṣẹ́ náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún Tíṣà ló ń ṣe é, àmọ́ obìnrin náà kò sọ bẹ́ẹ̀ rí, ó mọ irú ọkùnrin tí òun fẹ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún wọn, obìnrin ni, ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Ó ń wá ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù. Ọmọ dáadáa ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ojú rẹ̀ mú. Ó ti sọ ọ́ lójú àwọn méjèèjì pé, "Bàbá, lọ́jọ́ tí mo bá rí i pé ẹ ò lè gbé Màmá mọ́, mò ń mú wọn lọ nìyẹn. Mi ò ní dúró kí ẹ̀yin méjèèjì wó lu ara yín."

Kò sọ pé òun ń mú bàbá náà lọ. Kì í ṣe ìkórìíra. Yàrá méjì ló ní, òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta, àjà kẹta ni wọ́n ń gbé, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì ga. Má-Gé-E-Ná gun ún lẹ́ẹ̀kan, ó lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ẹní kó tó lè gbé ọrùn. Ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ pàápàá, wákàtí méjì àbọ̀ ni, ìgbà tó sì gbìyànjú rẹ̀ kẹ́yìn, ó ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó di igi mú, àwọn èrò ọkọ̀ ń pòṣé. Ó mọ̀ dájú nígbà náà: ibi tí wọ́n bá gbé Tíṣà lọ, òun kò ní lè dé ibẹ̀ mọ́ láyé.

Nítorí náà ni àwọn méjèèjì ṣe di oníṣẹ́ ìtàgé ní Sátidé tí ọmọ náà bá ń bọ̀. Kí ọmọ tó dé, Má-Gé-E-Ná á ti wọ bàtà, á ti fara ti ògiri bí ẹni tó kàn ń gbafẹ́. Tíṣà á ti jókòó sórí àga, á ti fi pankéèkì pa ojú. "Bàbá rẹ ló gbé mi báyìí," á wí, "bí ẹyin." Lóṣù tó kọjá, ṣíbí bọ́ sílẹ̀ láàárín Má-Gé-E-Ná àti ọmọ wọn. Gbogbo wọn wò ó. Ọmọ náà kò mú un, ó ń wo bàbá rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀," Tíṣà wí. "Èmi ni mo jù ú. Ebi ń pa ilẹ̀ náà."

Ọmọ wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ṣíbí, ó fọ̀ ọ́. Ìgbà tó ń lọ, ó ní bí òun bá padà wá, òun fẹ́ fi ojú ara òun rí bí wọ́n ṣe ń dìde ní bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Má-Gé-E-Ná pariwo "Ó yá!", ìbàdí rẹ̀ sì gé e lójijì. Ọwọ́ rẹ̀ tú. Tíṣà já padà sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Bẹ́ẹ̀dì ló kúrú jù," ni Má-Gé-E-Ná wí nígbà tí èémí rẹ̀ padà. "Títẹ̀ ló ń pa mí. Bí mi ò bá tẹ̀, mo lè gbé ẹ títí ayé."

Ó mú tépù. Ó nàró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jẹ́ kí apá rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, ó wọn ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé láìtẹ̀. Ó tún un wọ̀n. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Ínṣì mẹ́sàn-án ló kù kí bẹ́ẹ̀dì tó bá ọwọ́ rẹ̀.

Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, níbi tí eruku ti bo gbogbo nǹkan, ó ṣa igi líle kan tó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́, ó gé ìtì mẹ́rin nínú rẹ̀. Iṣẹ́ wákàtí kan ni tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é. Á fa ayùn lẹ́ẹ̀mẹwàá, á fara ti ògiri, á dijú, á tún padà. Ó gbẹ́ ihò sí orí ìtì kọ̀ọ̀kan kí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lè wọ inú rẹ̀, kó má baà yẹ̀. Ó fi bébà oníyanrìn gbo ó títí ó fi ń dán. Inú rẹ̀ dùn ní ọjọ́ mẹ́rin yẹn, mi ò ní purọ́, ó ti pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ní ọ̀sán Fúráídè, ọkùnrin tó ń tún aago ṣe lódìkejì títì wá bá a gbé bẹ́ẹ̀dì náà, igun kan lẹ́yìn ìkejì. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó fọwọ́ gbá a wò, bẹ́ẹ̀dì kò mì.

"Ọ̀gá, ẹ má gé e ná o," ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa?"

"Ìgbà mẹ́ta," ni Má-Gé-E-Ná fi dáhùn.

Aláago ló bá a gbé Tíṣà gorí rẹ̀. Obìnrin náà wo yàrá yí ká láti òkè. "Ẹ gbé mi sókè tó báyìí," ó wí, "ṣé ẹ fẹ́ tà mí ni?" Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń fì síwá sẹ́yìn bí ti ọmọ tó jókòó sórí ògiri. Má-Gé-E-Ná rí ẹsẹ̀ náà. Ó rí i pé ó ń fì. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn ni.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó wà nílé ìdáná, ó ń gbé omi tíì kaná, kó tó wá gbé ìyàwó rẹ̀. Tíṣà sì ń rò ó pé aago mẹ́wàá ni ọmọ ń bọ̀, ó wu òun kó bá òun létí bẹ́ẹ̀dì, kí òun ti múra tán. Ó fi apá ọ̀tún ti ara rẹ̀ dé etí, bó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́fà. Ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé gbogbo ara lé e.

Má-Gé-E-Ná gbọ́ ìró náà. Ó mọ ohun tó jẹ́ kó tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Tíṣà wà nílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ọ̀já rẹ̀ ti yọ́ gorí àyà, òkè ojú rẹ̀ ti ń wú.

"Ṣé o ṣèṣe?"

"Mo forí gbálẹ̀ díẹ̀ ni. Ẹ má wá síbí o. Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn, ẹ pe aláago."

Aláago kì í sí nílé láàárọ̀ Sátidé, fóònù sì wà lórí pẹpẹ ìdáná. Má-Gé-E-Ná kò tilẹ̀ ro ìyẹn. Ó di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú, ó yọ́ wálẹ̀ lọ bá a. Ó ku díẹ̀ kí orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀ nígbà tí ohun kan já nínú ìbàdí rẹ̀. Ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, kò lè yíjú sí ọ̀tún, kò lè yíjú sí òsì. Omi tíì ń hó lọ nílé ìdáná.

"Ilẹ̀ ti lọ," Tíṣà wí. "Mo na ẹsẹ̀, mi ò bá a."

Láti ibi tí ọkùnrin náà wà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń wò, ìtì igi méjì sì wà níwájú rẹ̀ gan-an, wọ́n ń dán, wọ́n gún régé, iṣẹ́ ọwọ́ tí kò sí ẹni tó lè rí àlébù lára rẹ̀.

"Mi ò wọn ẹsẹ̀ rẹ," ó wí.

"Kí lẹ wí?"

"Ìgbà mẹ́ta ni mo wọ̀n. Ara mi ni mo wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tíṣà, mi ò wọn ẹsẹ̀ rẹ."

Tíṣà wá ọwọ́ rẹ̀ kàn nílẹ̀, ó dì í mú. Má-Gé-E-Ná gbìyànjú láti dìde lẹ́ẹ̀kan, ó kígbe. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, igbe náà kò jáde mọ́, òógùn nìkan ló bò ó.

"A ó sọ fún ọmọ wa pé òrùka rẹ ló bọ́," ó wí, ó ń mí gúlegúle. "A ó ní à ń wá a."

"Àwa méjèèjì? Pẹ̀lú ojú mi tó wú báyìí?"

"A ó ní o wá a jù."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ fi ń gbọ̀n, ọkùnrin náà sì rò pé ẹ̀rín ni títí ó fi gbọ́ pé ẹ̀rín ti tán nínú rẹ̀. Òun náà sunkún. Kì í ṣe torí ìrora. Ìyàwó rẹ̀ wà nílẹ̀ ní ìwọ̀n apá kan sí i, òun kò sì lè gbé orí rẹ̀ lé ìrọ̀rí.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni wọ́n gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Ọmọ wọn kọ́kọ́ pa iná ìdáná, torí òórùn ìkòkò tó ń jó ló pàdé rẹ̀. "Bàbá? Màmá?" Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Wọ́n ti retí pé yóò pariwo. Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó gbé orí màmá rẹ̀ lé itan, ó fọwọ́ bo ojú ara rẹ̀.

"Má bá bàbá rẹ wí," Tíṣà wí fún un. "Máa mú mi lọ."

"Tíṣà!"

"Ẹ gbọ́, ọkọ mi. Bí ẹ bá rí mi, ẹ ó fẹ́ gbé mi. Lọ́jọ́ mìíràn, èmi ni màá sùn ti òkú yín títí di aago mẹ́wàá."

Má-Gé-E-Ná fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ló wà, wọn kò tíì gbé e dìde.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, dókítà kan ti wá wo Tíṣà, egungun kankan kò ṣẹ́. Ọmọ wọn wẹ̀ ẹ́, ó pààrọ̀ aṣọ fún un. Aláago ti dé, òun àti awakọ̀ sì gbé Tíṣà lọ sínú takisí. Wọ́n ti fi oògùn àti ọ̀pá méjì gbé Má-Gé-E-Ná nàró. Ó tẹ̀ lé wọn, ìṣísẹ̀ kan, ó dúró, ìṣísẹ̀ kan, títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

Takisí náà kúrú. Òrùlé rẹ̀ ló wà níwájú ojú rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn Tíṣà láti ìsàlẹ̀.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí n rí ojú yín."

Ó gbé ọwọ́ lé òrùlé ọkọ̀, ó gbìyànjú rẹ̀. Ìbàdí kò tẹ̀. Ó ti tẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀kùn àti àga tó wà ládùúgbò yẹn fún ogójì ọdún ó lé, kò sì ku ẹyọ kan fún fèrèsé yìí.

"Mi ò lè ṣe é," ó wí fún òrùlé ọkọ̀.

Tíṣà na ọwọ́ ọ̀tún jáde, ó wá ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi rí i. Láti ibi tó jókòó sí, ikùn ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń rí, àti ẹnu tépù tó yọ jáde nínú àpò.

"Bọ́tìnnì yín kan ti já," ó wí.

"Mo mọ̀. Ilẹ̀ ló wà."

"Ẹ jẹ́ kí aláago bá yín mú un."

"Máa jẹun dáadáa," ó sọ fún òrùlé náà. "Máa jẹun, o gbọ́?"

Ọmọ wọn dì mọ́ ọn lọ́rùn, ó ní òun á máa pè ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ lọ. Aláago bá a dé ẹnu ọ̀nà, ó ní òun á máa yọjú. Ẹni rere ni, ó sì ní aago tó ń tún ṣe.

Má-Gé-E-Ná wọ yàrá. Ó fẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀dì kó lè sinmi díẹ̀, ó sì rí i pé òun ti jókòó. Kò tẹ̀, kò di nǹkan mú, ìbàdí kò fọhùn. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti jókòó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, méjèèjì kan ilẹ̀ dáadáa. Ínṣì mẹ́sàn-án náà pé gẹ́lẹ́.

Ọ̀já Tíṣà wà nílẹ̀, níbi tí ọmọ wọn jù ú sí nígbà tó ń pààrọ̀ aṣọ fún un. Kò jìnnà sí bàtà rẹ̀. Ó ń wò ó títí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, kò sì lè mú un.